Òwú Dúdú Lára Orí Ìkẹyìn

Bọ́tìnì ni ó kó sí mi lórí. Ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ kan ni, ní yàrá àlejò Tíṣà ní Ìwàrò-Ọ̀kà. Mo gbé jálábíà méjì tí mo rán fún un wá láti ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìkàrẹ́. Mo bá a tí ó ń kí ìrun Àlàásárì lọ́wọ́, ìyàwó rẹ̀ sì ní kí n jókòó dè é. Ìwé kan wà lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya, wọ́n sì ti fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́. Mo ṣí i sí àárín. Kì í ṣe pé mo fẹ́ kà á, ọwọ́ mi ni kò fẹ́ dúró lásán. Ojú mi bọ́ sí ibi tí àwọn ọlọ́pàá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti rí kóòtù kan tí ẹ̀jẹ̀ wà lára rẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Gbogbo ará ilé ní kóòtù bàálé ilé ni. Òǹkọ̀wé náà wá ṣàpèjúwe rẹ̀: àwọ̀ rẹ̀, àpò rẹ̀, ibi tí ó ti gbó ní ìgúnpá, àti bọ́tìnì mẹ́rin tí ó tò sí ọwọ́ òsì ẹni tí ó bá wọ̀ ọ́.

N kò mọ ìgbà tí mo pariwo. "Aṣọ obìnrin ni!"

Tíṣà ṣẹ̀ṣẹ̀ sálámà parí ìrun rẹ̀ ni. Ó yíjú sí mi láti orí ẹní. "Kí ni aṣọ obìnrin?"

"Kóòtù yìí ni, sà. Ọwọ́ ọ̀tún ni bọ́tìnì aṣọ ọkùnrin máa ń wà, ojú bọ́tìnì á wà lósì. Ti obìnrin ni ó máa ń yí padà. Mo ti ń ránṣọ láti ọdún mẹ́tàlélógún. Kóòtù yìí kì í ṣe ti bàálé ilé rárá!"

Ó dìde, ó gba ìwé náà, ó wo ojú ewé tí mo wà, ó sì rẹ́rìn-ín títí ó fi tún jókòó. "Ojú ewé mọ́kànlélọ́gọ́fà ni ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ inú ìwé yìí fi wá ohun tí ìwọ rí láàárín ìrun kan."

N kò rí irú rẹ̀ rí. Ìwé tí wọ́n kọ sílẹ̀ òkèèrè, nígbà tí a kò tíì bí bàbá mi, ó ń bi mí ní ìbéèrè, èmi télọ̀ Ìkàrẹ́, mo sì mọ ìdáhùn rẹ̀!

Ọjọ́ ti pẹ́ tí Tíṣà ti fẹ̀yìn tì. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó kọ́ àwọn ọmọ káàkiri Àkókó, láti Ìṣùà dé Ìkàrẹ́, gbogbo ibi tí wọ́n sì gbé e lọ ni ó ti ń wá àwọn ìwé ìtàn ọ̀daràn tí àwọn òyìnbó kọ láyé àtijọ́. Lójú ẹni tí kò mọ̀ wọ́n, ìwé kan ṣoṣo ni gbogbo wọn: abúlé kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé ńlá kan, ènìyàn mẹ́fà tàbí méje wà nínú rẹ̀, ẹnì kan kú, ọ̀kan nínú àwọn yòókù ni ó pa á. Mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni wọ́n nínú kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀, mọ́kànlélógún lórí pẹpẹ kọ̀ọ̀kan. Kò tò wọ́n bí ilé ìkàwé ṣe ń to ìwé. Bí wọ́n ṣe le sí ni ó tò wọ́n, èyí tí ó rọrùn lókè, èyí tí ó ń fọ́ ni lórí nísàlẹ̀.

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó yá mi ní èyí tí mo dì mú. Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó wọ yàrá, ó mú abẹ́rẹ́ ńlá tí wọ́n fi ń rán àpò jáde, ó fa òwú dúdú sí i, ó sì rán orí ìkẹyìn ìwé náà pa láti òkè délẹ̀, bí ẹni rán ẹnu àpò gàrí.

"Bọ́tìnì lásán ni ohun tí o rí yẹn," ni ó wí. "Obìnrin mẹ́rin ló wà nínú ilé náà. Ta ni? Báwo ni ó ṣe ṣe é? Kí ló dé tí ó fi ṣe é? Kọ ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀ kí o mú un wá. Èmi ni n ó tú òwú. Tí o bá gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, o mókè. Tí o bá gba méjì, o kùnà."

"Méjì nínú mẹ́ta, sà?"

"Tí ọlọ́pàá bá mú olè, tí kò lè sọ bí ó ṣe jalè, ṣé adájọ́ á gbọ́ tirẹ̀?"

Àlájà, ìyàwó rẹ̀, ń ṣa ẹ̀wà nínú àtẹ lẹ́nu ọ̀nà. Kò gbójú sókè. "Télọ̀, gbé e lọ jàre. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ ìtàn òkú òyìnbó nínú ilé yìí. Jẹ́ kí etí mi sinmi díẹ̀."

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi ka ìwé yẹn. Sẹ́kọ́ńdírì ni mo kàwé dé. Ará Ìṣùà ni ìyá mi, èdè wọn lọ́hùn-ún ni mo kọ́kọ́ gbọ́ nínú ilé, Yorùbá tẹ̀ lé e, Gẹ̀ẹ́sì ni ó gbẹ̀yìn. Nínú orí kìíní nìkan, ọ̀rọ̀ mọ́kàndínláàádọ́ta ni mo wá ìtumọ̀ rẹ̀ lórí fóònù mi, mo sì kọ gbogbo wọn sílẹ̀. Mo gba ta ni, mo gba báwo ni, mo pàdánù kí ló dé. Tíṣà ní mo kùnà, ó sì fún mi ní ìwé kejì, òwú dúdú ti wà lára rẹ̀.

Bí ó ṣe di àṣà wa nìyẹn. Ní ọjọ́ Jímọ̀ tí mo bá ti parí ìwé kan, lẹ́yìn ìrun, mo máa ń gun ọ̀kadà láti Ìkàrẹ́ lọ sí Ìwàrò-Ọ̀kà, ìwé lábẹ́ apá, ìdáhùn nínú àpò. Tíṣà á ka ìdáhùn mi, á fi bíléèdì gé òwú náà lọ́kọ̀ọ̀kan, á wá máa ka orí ìkẹyìn sókè. Èmi á dìde dúró. N kò lè jókòó gbọ́ ọ rí.

Mo ní ìwé àkọsílẹ̀ kan tí mo ń kọ ohun gbogbo sí. Mo mọ oríṣi fìlà mẹ́fà tí àwọn ọkùnrin ibẹ̀ ń dé, mo sì mọ ìyàtọ̀ láàárín ọmọ-ọ̀dọ̀ tí ń ṣílẹ̀kùn àti èyí tí ń gbé tíì. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń mu tíì yẹn, ẹni tí kò bá sì sí nídìí rẹ̀ ni kí a fi ojú sí lára. Ohun tí ó dùn mọ́ mi jù tí mo fi ojú ara mi rí, tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ mi, ni ibi tí àwọn òǹkọ̀wé náà ń fi òtítọ́ pamọ́ sí. Wọn kì í purọ́ fún ọ. Wọ́n á sọ òótọ́ náà, ṣùgbọ́n wọ́n á dárúkọ nǹkan mẹ́ta pọ̀, èyí tí ó wà láàárín ni yóò sì jẹ́ èyí tí o nílò. Kìíní á gba ojú rẹ, ìkẹta á gbé ọ lọ, àárín á sá mọ́ ọ lọ́wọ́. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún Tíṣà, ó lọ kó ìwé mẹ́jọ jáde láti yẹ̀ ẹ́ wò. Márùn-ún bá a mu. Ó bọ̀ mí lọ́wọ́ bí ẹni pé mo gba àmì ẹ̀yẹ.

Àwọn oníbàárà mi ni ó jìyà rẹ̀. "Télọ̀, bùbá mi ńkọ́?" ni obìnrin kan béèrè lọ́jọ́ kan.

"Ó ti fẹ́ẹ̀ parí, mọ̀mí."

"Ohun tí o wí ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá nìyẹn. Ṣé òkú inú ìwé yẹn ni ó fẹ́ wọ bùbá mi lọ ni?"

Wọ́n máa ń bi mí pé kí ni mo rí nínú ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó tí wọ́n ti kú tipẹ́. Mo máa ń sọ fún wọn pé Ọ̀kà ni mo rí. Abúlé inú ìwé wọ̀nyẹn jọ àdúgbò wa: ẹni tí ń ta sítáǹbù mọ ẹni tí ó kọ lẹ́tà sí ta, ìyá arúgbó tí ó jókòó sójú fèrèsé mọ ìgbà tí o jáde àti ìgbà tí o wọlé, gbogbo ènìyàn ń kíra wọn tẹ̀ríntẹ̀rín, ẹnì kan sì wà láàárín wọn tí ẹ̀rín rẹ̀ kò dé inú. Kùrukùru tí wọ́n ń kọ nípa rẹ̀, a mọ̀ ọ́n. Nígbà òjò, ẹni tí ó bá gba orí òkè Ọ̀kà láàárọ̀ kì í rí ọwọ́ ara rẹ̀. Ohun kejì ni pé ìwé náà kì í rẹ́ni jẹ. Ohun tí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ rí ni èmi náà rí. Kò ju mí lọ ní ohunkóhun àyàfi àròjinlẹ̀. Nínú ayé tí ọ̀pọ̀ nǹkan ti ń ṣẹlẹ̀ láìsí ẹni tí yóò sọ ìdí rẹ̀ fún ọ, ìwé kan wà tí ó fi ọwọ́ sọ̀yà pé kí ojú ewé tó tán, ìdí gbogbo nǹkan yóò hàn. Ṣé mo wá lè gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ sílẹ̀?

Ìwé kẹsàn-án ni ó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Bàbá olówó kan ni wọ́n pa. Ó ní ọmọ mẹ́rin, ọkùnrin méjì, obìnrin méjì, ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ìyàwó tuntun. Mo rò ó dáadáa. Mo ní kò sí èyí tí ó lè pa á nínú àwọn ọmọ, nítorí kí ni wọn yóò tìtorí rẹ̀ pa á? Bí ó ti wù kí ó rí, bàbá yóò kú lọ́jọ́ kan, ìyàwó yóò gba ìdá kan nínú mẹ́jọ, ọmọkùnrin yóò gba ìlọ́po méjì ti obìnrin, oníkálukú yóò gba ilé rẹ̀ lọ. Mo tún rí ohun mìíràn tí ó bà mí lẹ́rù: ọjọ́ márùn-ún gbáko ni òkú bàbá yìí fi wà nílẹ̀ kí wọ́n tó sin ín! Mo ní àṣírí wà níbẹ̀. Ta ni ó ní kí wọ́n má tíì sin ín? Dókítà ni. Ojú ewé mẹ́ta ni mo kọ kún nípa dókítà yẹn, mo sì fi gègé pupa fa ìlà sábẹ́ rẹ̀.

Tíṣà kà á tán, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi ń dà lójú rẹ̀. "Àlájà, ẹ wá gbọ́ o! Télọ̀ ti pín ogún òyìnbó ní ìlànà Mùsùlùmí!"

"Ṣé ó ṣì í pín ni?" ni Àlájà béèrè.

"Wọn kì í pín in lọ́hùn-ún. Ọkùnrin á mú bírò, á kọ ìwé ìhágún, á ní ológbò òun ni kí wọ́n fún ní gbogbo ilé òun, òfin á sì gbà fún un. Bàbá yìí fẹ́ lọ kọ òmíràn lọ́jọ́ Mọ́ńdè, kí ó fún ìyàwó tuntun ní gbogbo rẹ̀. Wọ́n pa á lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Ọmọ rẹ̀ obìnrin àgbà ni."

"Ológbò," ni Àlájà wí. Ó gbé àtẹ ẹ̀wà sílẹ̀. "Ológbò á wá máa lọ gba owó ilé lọ́wọ́ ayálégbé?"

"Òkú tí wọn kò sin ńkọ́, sà?" Mo ṣì fẹ́ gba ara mi sílẹ̀.

"Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ibẹ̀ tutù. Dókítà kò mọ nǹkan kan. Lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀."

Láti ọjọ́ náà ni mo ti kọ ọ́ gàdàgbà sí ojú ewé kìíní ìwé àkọsílẹ̀ mi: BÉÈRÈ ÌWÉ ÌHÁGÚN.

Nígbà tí ó fi máa tó ọdún méjì, mo ti ka mẹ́rìnlélógún: gbogbo pẹpẹ òkè, àti mẹ́ta nínú pẹpẹ àárín. Méje péré ni mo gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nínú wọn. Ìgbà yẹn ni ojú Tíṣà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú lẹ́ẹ̀mejì, ṣùgbọ́n ó dé ibi tí èmi ni mo ń ka orí ìkẹyìn fún un. Nígbà tí Iléyá ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ọmọ rẹ̀ obìnrin tí ó ń gbé ní Àkúrẹ́ dé, ó ní òun fẹ́ kó bàbá àti ìyá òun lọ sọ́dọ̀ ara òun. Inú mi dùn fún wọn. Mo bá wọn dá sí i bí wọ́n ṣe máa di ẹrù. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni ojú mi lọ sí kọ́bọ́ọ̀dù.

"Àǹtí, àwọn ìwé yìí ńkọ́?"

"Bọ̀ọ̀dá Télọ̀, ilé mi kò láàyè. Ilé ẹ̀kọ́ kan ti ní àwọn á wá kó wọn."

Mo mọ ilé ẹ̀kọ́ náà. Mo ti lọ wọn àwọn ọmọ ibẹ̀ fún aṣọ ilé ẹ̀kọ́ rí. Kọ́bọ́ọ̀dù onídíńgí kan wà nínú ọ́fíìsì wọn, ìwé kún inú rẹ̀, àgádágodo wà lẹ́nu rẹ̀, ẹni tí kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ti gbé e lọ sí ibòmíràn. Mọ́kàndínlógójì nínú ìwé Tíṣà ni n kò tíì kà! N ó máa wò wọ́n láti ẹ̀yìn díńgí!

"Sà," ni mo wí fún Tíṣà, "ẹ dákun, ẹ fún mi."

"Kí n kàn gbé e fún ọ lásán? Lẹ́yìn gbogbo òwú tí mo ti rán?" Ó kúnlẹ̀ nídìí kọ́bọ́ọ̀dù, ó fi ìka tọ pẹpẹ ìsàlẹ̀ lọ títí dé ìparí, ó sì yọ ìwé kan tí ó kéré sí gbogbo àwọn yòókù. Ó ní kí Àlájà bá òun ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Fífọwọ́bà ni ó fi rán an, ojú ìrán náà wọ́, mo kà á: mọ́kànlá.

"Sátidé ni ọkọ̀ ń bọ̀," ni ó wí. "Tí o bá gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kọ́bọ́ọ̀dù yìí àti ohun tí ó wà nínú rẹ̀ di tìrẹ. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ilé ẹ̀kọ́ ló ni ín."

Ọjọ́ náà jẹ́ Sọ́ńdè. Mo ní ọjọ́ mẹ́fà.

Ìtàn náà kò gùn. Bàbá oníṣòwò kan wọ yàrá rẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án àbọ̀ alẹ́, ó mu wàrà gbígbóná rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé láti inú. Ní aago méje àárọ̀, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin fi ọkọ̀ ojú irin àkọ́kọ́ dé láti ìlú. Ó kanlẹ̀kùn títí, kò gbọ́ ohùn. Òun àti ìránṣẹ́ àgbà inú ilé já ilẹ̀kùn. Bàbá jókòó sórí àga níwájú ààrò. Ọmọ náà gbé ọwọ́ rẹ̀ wò, ó ní ó ti kú, ó sì rán ìránṣẹ́ lọ pe dókítà. Kùrukùru bo ọ̀nà, aago mọ́kànlá ni dókítà dé. Ó ní ẹnì kan ni ó fi nǹkan tẹ̀ ẹ́ nímú pa. Ènìyàn mẹ́fà ni ó sùn sínú ilé náà, gbogbo wọn ni wọ́n ní ìjà pẹ̀lú bàbá. Ta ni ó gba ara ilẹ̀kùn títì kọjá?

Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mo ya ilé náà sórí bébà tí mo fi ń gé bátánì, gbogbo ilẹ̀kùn, gbogbo fèrèsé, pẹ̀lú ìwọ̀n. N kò rí ihò tí eku lè gbà. Ní Ọjọ́rú, n kò rán nǹkan kan. Ìyàwó mi wò mí láti ẹ̀gbẹ́ maṣíìnì.

"Ojú ìrán mọ́kànlá ni ó ń pa yín kú lọ báyìí? Ẹ tú u, kí ẹ tún un rán. Ṣé irú òwú yẹn kò sí nínú dúrọ́ọ̀ yín ni? Bàbá kò kúkú ríran."

Mo gbé bíléèdì. Mo fi ẹnu rẹ̀ lé ojú ìrán àkọ́kọ́. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni yóò gbà mí, Tíṣà gan-an kò sì lè mọ̀ ọ́n láéláé. Ṣùgbọ́n bí mo bá mọ ẹni tí ó pa á ní Ọjọ́rú, kí ni mo fẹ́ máa ṣe ní Ọjọ́bọ̀? Ohun tí mo ń jẹ̀gbádùn gan-an ni mo fẹ́ gé dànù yẹn. Mo dá bíléèdì padà.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, bàbá àgbàlagbà kan ní àdúgbò wa jáde láyé. Èmi náà wà lára àwọn mẹ́rin tí wọ́n pè láti wẹ̀ ẹ́. A kò pẹ́ rárá kí a tó bẹ̀rẹ̀. "Ẹ tètè tẹ́ ọwọ́ wọn, kí ó tó le," ni Àfáà wí. Mo gbé ọwọ́ bàbá náà. Ó rọ̀, ó wúwo, ó sì fẹ́ já bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo rántí bàbá tèmi, tí ó kú lóru tí a kò sì mọ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́, bí apá rẹ̀ ṣe le bí igi tí ó jẹ́ pé omi gbígbóná ni a fi rọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀.

Mo ṣe ohun tí ó yẹ kí n ṣe. A wẹ̀ ẹ́ tán, a dì í, a kírun sí i lára, a sin ín. Láti ìtẹ́ òkú ni mo ti sá lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ojú ewé kejìdínlọ́gbọ̀n ni mo ṣí. Nǹkan mẹ́ta ni òǹkọ̀wé ní ìránṣẹ́ rí nígbà tí ilẹ̀kùn já: iná ààrò tí ó ti kú, ọwọ́ bàbá tí ó já bọ́ lọ́wọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ó sì gbá ife lulẹ̀, àti aṣọ fèrèsé tí wọn kò tíì fà. Èyí tí ó wà láàárín!

Bí ó bá jẹ́ pé láti alẹ́ ni ó ti kú, ọwọ́ yẹn kò ní já bọ́. Gbogbo ẹni tí ó bá ti wẹ òkú rí ní Àkókó ni ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bàbá náà kò tíì kú nígbà tí wọ́n já ilẹ̀kùn. Ó ń sùn ni! Ẹnikẹ́ni kò gba ara ilẹ̀kùn títì kọjá, torí pé kò sí ẹni tí ó wọlé lóru. Ìyẹ̀fun oògùn tí ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ránṣẹ́ sí i ni ó ń pò mọ́ wàrà, ojú ewé kẹsàn-án sọ ọ́, ó sì ní wàrà alẹ́ yẹn korò. Ọmọ náà rán ìránṣẹ́ lọ, ó ku òun nìkan, ó mú ìrọ̀rí. Mo fò sókè nínú ṣọ́ọ̀bù, mo gbá àpótí bọ́tìnì dànù. Ìyàwó mi ní, "Ó ti rí i o! Ẹ̀yin tí aṣọ yín wà níbí, ẹ lè padà wá báyìí."

Mo kọ ta ni. Mo kọ báwo ni. Nígbà tí mo dé kí ló dé, n kò tilẹ̀ ronú: òun ni ìwé ìhágún fún ní ilé. Mo fi ìlà sí i nídìí.

Ní Sátidé, wọ́n ti di ẹrù sínú ọkọ̀ nígbà tí mo dé. Tíṣà jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó wọ ọ̀kan nínú jálábíà mi. Mo ka ìdáhùn mi sókè, láti orí dé ìparí. Ó ní kí n tún ibi ọwọ́ kà. Mo tún un kà.

"Àlájà, ẹ gbọ́ bẹ́ẹ̀?" ni ó wí.

"Mo gbọ́. Òótọ́ ni. Àwa obìnrin náà ń wẹ òkú obìnrin, a mọ̀ ọ́n."

Ọmọ rẹ̀ fi sísọ́ọ̀sì gé òwú náà, ó ní kí a ṣe kíá, ọ̀nà jìn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ní ojú ewé kejì, dírẹ́bà fọn fèrè, ọmọ Tíṣà sì kígbe sí i pé, "Dúró jàre, wọ́n ti fẹ́ mú un!" Ọmọ ẹ̀gbọ́n náà ni. Oògùn nínú wàrà ni. Ìrọ̀rí ni! Mo ti ń fò. Àlájà ń pàtẹ́wọ́. Ọmọ Tíṣà kà á dé ojú ewé ìkẹyìn, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n yẹn sọ fún àwọn ọlọ́pàá pé òun kò fẹ́ kọ́bọ̀ nínú dúkìá bàbá náà. Ìyá òun ni bàbá náà lé jáde nínú òtútù lẹ́yìn tí ọkọ rẹ̀ kú, ó sì kú sójú ọ̀nà. Ìdí rẹ̀ nìyẹn.

"O kùnà," ni Tíṣà wí.

Mo jókòó sórí àpò ìrẹsì kan. Ọmọ rẹ̀ ní, "Ẹ̀yin bàbá yìí náà! Ó gba méjì."

"Ìbéèrè mẹ́ta ni mo bi í."

"Ẹ̀yin náà ńkọ́, Alájì?" Àlájà ni ó sọ bẹ́ẹ̀. Ó ti kọjú sí ọkọ rẹ̀, ó fọwọ́ lé ìbàdí. "Ìgbà mẹ́ta ni ẹ ka ìwé yìí kí ẹ tó ṣí ìparí rẹ̀. Ẹ ní aṣọ́gbà tí ń tọ́jú òdòdó ilé náà ni. Nígbà kejì ńkọ́? Aṣọ́gbà. Nígbà kẹta, ẹ jí mi lójú oorun, ẹ ní ẹ ti rí i. Ta ni ẹ rí? Aṣọ́gbà!"

Ọmọ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Dírẹ́bà pàápàá ń rẹ́rìn-ín.

"Títí di òní, aṣọ́gbà yẹn kò mọ́ lójú mi," ni Tíṣà wí, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti ń jà lẹ́nu òun náà. Ó na ọwọ́ sí ibi tí ó rò pé mo wà. "Télọ̀, ìdáhùn méjì, pẹpẹ méjì. Ẹ̀kẹta ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́, pẹ̀lú kọ́bọ́ọ̀dù. Mú èyí tí ó bá wù ọ́, kí o sì ṣe kíá kí n tó yí ọkàn padà."

N kò jẹ́ kí ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Pẹpẹ àárín àti pẹpẹ ìsàlẹ̀! Ìwé méjìlélógójì, méjìdínlógójì nínú wọn ni n kò tíì mọ ẹni tí ó kú níbẹ̀, ká má tilẹ̀ sọ ẹni tí ó pa á. Àpò ìrẹsì méjì ni mo kó wọn sí. Ọ̀kadà gbé ọ̀kan síwájú, mo gbé ọ̀kan sí àárín ẹsẹ̀ mi, bí a sì ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Ìkàrẹ́ ni mo ń kọrin.

Ìyàwó mi ni ó ń rán orí ìkẹyìn pa fún mi báyìí. Ó ń rán an fínnífínní ju Tíṣà lọ, ó sì máa ń kọ iye ojú ìrán sórí ìwé tí ó fi pamọ́, nítorí ó ní òun mọ irú ẹni tí òun fẹ́. Ní ọjọ́ Jímọ̀, mo máa ń pe Àkúrẹ́. Ọmọ Tíṣà á gbé fóònù sí i létí, kò ní béèrè àlàáfíà mi, á kàn ní, "Ta ni?" Èmi á ka ìtàn náà fún un ní ṣókí, èmi á sọ ìdáhùn mi, òun náà á sọ tirẹ̀, lẹ́yìn náà ni ìyàwó mi á gé òwú. N kì í kánjú sí kí ló dé mọ́. Ọjọ́ méjì gbáko ni mo máa ń fi rò ó, pẹ̀lú gbogbo ènìyàn inú ìwé: ta ni ó ṣẹ̀ ọ́, ta ni o fẹ́ràn, kí ni wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ tí kì í ṣe owó?

Ní àná, a ṣe ti obìnrin tí ó kú sínú ọgbà òdòdó, tí kòkòrò oyin mẹ́ta wà nínú ìbọ̀wọ́ rẹ̀. Tíṣà ní aṣọ́gbà ni. Mo ní àbúrò rẹ̀ obìnrin ni, mo sọ bí ó ṣe kó oyin náà sí i, mo sì sọ pé ìlú kan ni ó fẹ́ lọ láti kékeré tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò jẹ́ kí ó lọ. Ìyàwó mi gé òwú. Mo kà á: mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé! Láti ìgbà tí wọ́n ti kó lọ sí Àkúrẹ́, ìwé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mo ti kà. Mẹ́sàn-án ni mo ti gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nínú wọn.